Àbámodá: Ìbéèrè àti ìdáhùn nípa orúkọ rẹ̀, ìtàn rẹ̀ àti ohun tí à ń fi í ṣe

Ewé wo gan-an là ń pè ní àbámodá?

Ewé tó nípọn, tó kún fún omi, tó máa ń ga tó mítà kan sí mítà kan àbọ̀ ni. Igi rẹ̀ ní ihò nínú, ọwọ́ lásán sì tó láti fi ṣẹ́ ẹ. Nígbà tó bá ṣì kéré, ewé rẹ̀ a máa dá wà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti ń dàgbà, ewé mẹ́ta tàbí márùn-ún a wá jọ wà lórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Etí ewé náà rí jágajàga, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ kò mú, ó sì sábà máa ń ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ àlùkò yí ká.

Òdòdó rẹ̀ ló rọrùn jù láti fi dá a mọ̀. Ó máa ń so rọ̀ sísàlẹ̀ bí agogo kéékèèké, àwọ̀ ewé àti pupa dà pọ̀ lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì kún inú àpò rẹ̀. Bí ọmọdé bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, á bẹ́ "pò!" mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Bryophyllum pinnatum tàbí Kalanchoe pinnata. Ewé kan náà ni orúkọ méjèèjì ń tọ́ka sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bí oríṣi méjì.

Kí ni ìtumọ̀ orúkọ náà?

"Àbá mo dá." Àbá ni ohun tí èèyàn rò, tó fẹ́, tó sì sọ jáde pé kó rí bẹ́ẹ̀, dídá la máa ń dá a. Òun náà ló wà nínú òwe tó ní àbá tí alágẹmọ bá dá ni òrìṣà ń gbà. Ẹni tó bá ti pe ewé yìí lórúkọ ti fẹnu ba àdúrà.

Ẹni tó bá ti fi ewé rẹ̀ kan sílẹ̀ rí á mọ ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ já ewé kan, ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ má bomi sí i, ẹ má fi erùpẹ̀ bò ó. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, kọ̀rọ̀ kéékèèké tó wà láàárín eyín etí ewé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Gbòǹgbò funfun tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ àti ewé méjì tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́ ni ẹ ó rí. Ewé kan lè bí tó mẹ́wàá. Àwọn ọmọ iléèwé a máa fi í sáàárín ìwé, á sì hù síbẹ̀. Wọ́n já a lára ìyá rẹ̀, kò rí ilẹ̀, kò rí omi, ó sì ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Ohun tí àwọn àgbà rí nìyẹn tí wọ́n fi ní àbá tí ewé yìí bá dá, ṣíṣẹ ló ń ṣẹ.

Ṣé "àbámodá" ni àbí "àbámọdá"?

Àwọn èèyàn ń kọ ọ́ ní ọ̀nà méjèèjì. Àbámodá la fara mọ́, nítorí "mo" inú rẹ̀ ń tọ́ka sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀: àbá tí èmi dá. Bí a bá kọ ọ́ ní "mọ", ìtumọ̀ náà fò lọ. Kò sí ẹjọ́ lọ́rùn ẹni tó ń sọ "àbámọdá" lọ́jà, ẹnu àdúgbò ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ pe ọfọ̀ sí i gbọ́dọ̀ pe "mo" yẹn ketekete, torí ibẹ̀ ni ọfọ̀ náà ti mú ẹsẹ̀ dúró.

Àwọn orúkọ mìíràn wo ló ní?

Nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n tún ń pè é ní ẹrú-ọ̀dúndún àti kantí-kantí. Bí ẹ bá dé ọjà Bódè ní Ìbàdàn tàbí ìsọ̀ elewé ọmọ ní Mushin, tí ẹ pe àbámodá tí kò yé ẹni tó ń tà, ẹ pè é ní ẹrú-ọ̀dúndún. Kí ẹ sì tú ìdì náà wò kí ẹ tó sanwó.

Ní ọ̀pọ̀ ibi tí ewé yìí dé, ọmọ tó ń bí létí yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi wò ó kò dọ́gba. Bryophyllum fúnra rẹ̀, láti inú èdè Gíríìkì, túmọ̀ sí ewé tó ń hù. Ní Jamaica, leaf of life ni, ewé ìyè. Ní Puerto Rico, hoja bruja ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ewé àjẹ́. Ní Brazil, folha-da-fortuna ni, ewé oríire. Nínú gbogbo wọn, ti Yorùbá nìkan ló fi ẹni tó ń lo ewé sínú orúkọ ewé.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ọ̀dúndún?

Ìbéèrè yìí ló ń wá jù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ìdílé kan náà ni wọ́n, àwọn elewé a sì máa dì wọ́n pọ̀. Ọ̀dúndún ni Kalanchoe crenata. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò. Èkíní, ewé ọ̀dúndún a máa dá wà lórí ọ̀pá rẹ̀ títí tó fi gbó. Ti àbámodá a máa pín sí mẹ́ta tàbí márùn-ún bó bá ti dàgbà. Èkejì, òdòdó ọ̀dúndún a máa nàró sókè lórí igi rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa sún mọ́ ti ọsàn tó pọ́n. Ti àbámodá a máa so rọ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ fi ewé kọ̀ọ̀kan sórí àwo gbígbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èyí tó bímọ yí etí rẹ̀ ká ni àbámodá.

Bó bá jẹ́ eéwo lẹ fẹ́ fi ewé lé, ẹ lè fi èyíkéyìí nínú méjèèjì ṣe é. Ṣùgbọ́n níbi ètùtù àti àwúre, ọ̀kan kò lè jíṣẹ́ èkejì. Ọ̀dúndún ni ewé ẹ̀rọ̀. Òun, tẹ̀tẹ̀ àti rinrin ni à ń pè nígbà tí a bá fẹ́ kí ilé tutù, kí ara tutù, kí ìjà rọlẹ̀. Àbámodá ni ewé àbá. Ẹni tó fi ọ̀dúndún sínú ọṣẹ àbá, ìtura ló tọrọ. Ohun tó sì wá ọṣẹ náà wá fún gan-an, kò tíì mẹ́nu bà á.

Ṣé ilẹ̀ Yorùbá ló ti ṣẹ̀ wá?

Rárá. Erékùṣù Madagascar ni ilé rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti tàn ká gbogbo ilẹ̀ tí ooru ti ń mú, ní Áfíríkà, Éṣíà, erékùṣù Karíbíánì àti gúúsù Amẹ́ríkà. Ọ̀dúndún ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà.

Èrò tiwa ni pé ibẹ̀ ni orúkọ ẹrú-ọ̀dúndún ti wá. Àwọn àgbà ń pe ọ̀dúndún ní ọba ewé. Nígbà tí àjèjì kan tó jọ ọ́ dé, wọ́n kọ́kọ́ fi onílé júwe rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti rí ohun tó ń ṣe ni wọ́n wá fún un lórúkọ ara rẹ̀. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní ewé tó wá láti ìlú òkèèrè kò lè ní agbára nínú ìṣègùn wa. Orúkọ tí a fún un jẹ́ ẹ̀rí pé àwọn baba wa wò ó fínnífínní.

Báwo ni a ṣe ń gbìn ín?

Ẹ wá ewé tó gbó dáadáa, tí kò ní egbò. Ẹ po yẹ̀pẹ̀ oníyanrìn: ìwọ̀n yanrìn méjì sí ìwọ̀n ilẹ̀dú kan. Ẹ kó o sínú ìkòkò tó ní ihò nídìí, ẹ bomi rin ín díẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ ewé náà lé e lórí pẹrẹsẹ. Ẹ má rì í mọ́lẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ṣí i nípò, ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ kan tẹ ọ̀pá rẹ̀.

Ẹ gbé ìkòkò náà sí abẹ́ òrùlé tàbí ìdí igi tí oòrùn ń yọjú sí. Omi ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó. Bí àwọn ọmọ bá ti ní ewé mẹ́rin mẹ́rin, tí gbòǹgbò wọn sì tó ìdajì ìka kékeré, ẹ ṣẹ́ wọn kúrò lára ìyá wọn jẹ́jẹ́, kí ẹ fún kálukú ní ìkòkò tirẹ̀ tàbí kí ẹ fi àlàfo bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí àárín wọn nílẹ̀. Ewé ìyá á ti rún nígbà yẹn. Ẹ má bínú sí i.

Mo gbìn ín, ó jẹrà. Kí ló fà á?

Omi ni. Ewé tó ti fi omi pamọ́ sínú ara rẹ̀ kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa wà nínú ẹrẹ̀. Bí ìdí igi rẹ̀ bá ti di dúdú tó sì rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, gbòǹgbò ti lọ. Ẹ gé orí rẹ̀ tó ṣì le, ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ náà gbẹ fún ọjọ́ méjì, kí ẹ tún un gbìn sínú yanrìn tuntun.

Bó bá ń ga fíofío láìní ewé púpọ̀, kò rí oòrùn tó. Bí ewé rẹ̀ bá pọ́n, tó sì kéré, oòrùn pọ̀ jù tàbí ilẹ̀ ti ṣá. Bó bá tanná nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, igi tó tanná náà kì í pẹ́ kú lẹ́yìn rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ ti já ewé bíi mélòó kan sílẹ̀ kí ó tó dìgbà náà.

Kí ló dé tó fi ń kan lẹ́nu láàárọ̀ ṣùgbọ́n tí kì í kan lọ́sàn-án?

Òótọ́ ni. Ẹ tọ́ ewé kan wò kí oòrùn tó yọ, á kan bí ìṣápá. Ẹ tọ́ òmíràn wò lára igi kan náà lọ́sàn-án gangan, á tẹ́ lẹ́nu. Lọ́dún 1813, Benjamin Heyne tó ń ṣiṣẹ́ ewéko ní Íńdíà kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí London nípa rẹ̀: ewé náà kan láàárọ̀, kò ní adùn kankan lọ́sàn-án, ó sì korò díẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Ohun tó fà á ni pé ewé yìí kì í fẹ́ kí ooru ọ̀sán fa omi rẹ̀ lọ. Òru ló máa ń ṣí ihò ara rẹ̀ láti fa afẹ́fẹ́ sínú, á sì fi afẹ́fẹ́ náà pamọ́ bí omi kíkan. Nígbà tí oòrùn bá yọ, á ti ihò náà, á wá máa fi ohun tó ti kó pamọ́ ṣe oúnjẹ. Omi kíkan náà á tán díẹ̀díẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ìgbà wo ló wá yẹ kí n já a?

Fún àwúre, ìdájí ni wọ́n máa ń já a, kí ẹni tó ń já a tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu lọ́jọ́ náà, ewé ni wọ́n fẹ́ kó gbọ́ ọ.

Fún ara títọ́jú, ẹ fi ohun tí ẹ fẹ́ ṣe pinnu. Omi ewé ìdájí á ta ojú ọgbẹ́ tó ṣí sílẹ̀, nítorí kíkan tó kan. Bó bá jẹ́ fún awọ ara tó bó tàbí ọ̀nà ọ̀fun tó ń dun ni, ewé ọ̀sán rọra ju ti àárọ̀ lọ. Ewé tó gbó láàárín igi ni kí ẹ mú. Ewé òkè ṣì kéré, ewé ìsàlẹ̀ sì sábà máa ń ní erùpẹ̀ àti kòkòrò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó fún ikọ́?

Ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ti tó àgbàlagbà kan. Ẹ fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi tó ń ṣàn, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ gbé agbada gbígbẹ sórí iná kékeré, ẹ tẹ́ ewé náà sí i, kí ẹ máa yí i títí tí yóò fi rọ, tí àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣókùnkùn. Kì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Bó bá ti ń jó, tó ń rùn bí ewé sísun, ó ti kọjá bó ṣe yẹ: omi inú rẹ̀ ti gbẹ, ẹ ó kàn rí èérún ni. Ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ dì í sínú aṣọ òwú mímọ́, kí ẹ fún un.

Ṣíbí ìjẹun kan sí méjì lomi tí ẹ ó rí. Iyọ̀ fúnńpọ́ kan tàbí oyin ṣíbí tíì kan ni wọ́n ń pò mọ́ ọn. Ṣíbí ìjẹun kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, kó má kọjá ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin láé. Ikọ́ tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, tàbí tí ara ń gbẹ pẹ̀lú rẹ̀, àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ló yẹ ẹ́. Ọ̀fẹ́ sì ni àyẹ̀wò náà ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà.

Eéwo, ibi tó wú, ẹsẹ̀ tó rọ́ ńkọ́?

Ibi tí ọkàn wa ti balẹ̀ jù lórí rẹ̀ nìyí, nítorí ìta ara ni iṣẹ́ náà wà. Ẹ fi iná rọ ewé náà bí a ti wí. Ẹ fi èékánná ṣí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kúrò. Á ṣí wọ́rọ́wọ́rọ́ bí awọ àlùbọ́sà. Ojú tí ẹ ṣí náà ni kí ẹ fi lé eéwo, ẹ fi aṣọ dì í, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹni tó fi ojú ewé tí a kò ṣí lé ara á ní kò ṣiṣẹ́. Omi ewé kò ráyè jáde ni.

Ẹ má fún eéwo tí kò tíì lójú. Bí pupa bá ń nà kúrò níbẹ̀ bí ilà, tí ibà sì dé, tàbí tó bá jẹ́ ojú, imú tàbí ètè ni eéwo náà wà, ilé ìwòsàn ni. Fún ẹsẹ̀ tó rọ́, ẹ fi òrí díẹ̀ pa ibẹ̀ kí ẹ tó di ewé lọ́wọ́ọ́wọ́ mọ́ ọn. Bí ẹni náà kò bá lè tẹ ẹsẹ̀ ọ̀hún mọ́lẹ̀ rárá, egungun lè ti dá.

Ṣé mo lè kán omi rẹ̀ sí etí tó ń dùn?

Àwọn àgbà ń ṣe é, ṣùgbọ́n a kò ní í gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Bí ọyún bá ń jáde létí, ó ṣeé ṣe kí awọ inú etí ti lu, omi ewé tí a kò sè á sì gba ibẹ̀ wọ inú lọ. Ẹ lè fi ewé lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lé ẹ̀yìn etí.

Ìyá mi ní kí n fi tọ́jú ìwọ́ ọmọ mi. Ṣé kí n ṣe é?

Ẹ dákun, ẹ má ṣe é. A mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é: wọ́n á yan ewé, wọ́n á fún omi rẹ̀ sórí ìwọ́ kó lè tètè gbẹ, kó sì já. Ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ tó ṣí sílẹ̀ ni ìdodo ọmọ tuntun. Ewé tó hù lórí ilẹ̀ a máa ní erùpẹ̀ lára, kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì sì ń gbé inú erùpẹ̀. Iná agbada ìṣẹ́jú méjì kò tó láti pa á. Nígbà tí ẹnu ọmọ bá ti dì, tí kò lè mu ọmú mọ́, tí ara rẹ̀ ń gan, ọ̀rọ̀ ti le.

Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine ni kí ẹ béèrè ní ilé ìgbẹ̀bí tàbí ilé oògùn. Òun ni wọ́n ń lò fún ìwọ́ ní Nàìjíríà báyìí. Ẹ fi pa ìwọ́ lọ́jọ́ tí a bí i, kí ẹ tẹ̀ lé ìlànà tí nọ́ọ̀sì bá fún yín, kí ẹ má sì jẹ́ kó kan ojú tàbí etí ọmọ. Bí ìyá bá ń bínú, ẹ sọ fún wọn pé ewé náà kò di ohun ìkọ̀sílẹ̀. Ẹ lè gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé lórúkọ ọmọ náà, kó máa bí sí i bó ti ń dàgbà.

Ṣé mo lè sá a gbẹ kí n lọ̀ ọ́ pamọ́?

Ó ṣòro, ọ̀pọ̀ ló sì ti fi ewé ṣòfò níbẹ̀. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sábẹ́ òjìji bí ẹ ti ń sá ewé yòókù, híhù ló máa hù. Ẹ kọ́kọ́ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ bí ilá, kí ẹ sá a sójú oòrùn gan-an. Ó máa ń fún tó fi di díẹ̀ kíún, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Kò sì sídìí fún wàhálà náà. Ewé tútù á wà dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì lórí àwo gbígbẹ. Omi tí ẹ bá fún ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sùn. Ohun tí ẹ máa lò lónìí ni kí ẹ fún lónìí.

Àwọn wo ni kò gbọ́dọ̀ mu ún?

Aboyún, abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú, ọmọ ọwọ́, ẹni tó ní àrùn ọkàn àti ẹni tó ń lo oògùn ọkàn, pàápàá digoxin. Ewé yìí ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní bufadienolide, tó ń ṣiṣẹ́ lára ọkàn lọ́nà tó jọ ti digoxin. Bí méjèèjì bá pàdé nínú ara kan náà, ọkàn lè máa lù ségesège. Ní Australia, màlúù tó jẹ ẹ́ ti kú. Òdòdó rẹ̀ ló sì léwu jù. Nítorí náà, ẹ má fi òdòdó sínú ohunkóhun tí ẹ máa mu, ẹ má sì gbìn ín sí ibi tí ewúrẹ́ àti àgùntàn yín ti ń jẹko.

Fún aboyún, ẹ gbọ́ èyí: láti ọdún 1970 ni àwọn dókítà kan ní Herdecke, ní Jámánì, ti ń fi oògùn tí wọ́n ṣe láti ara ewé yìí mú ìrọbí tí kò tíì tó àkókò rọlẹ̀. Ọwọ́ dókítà nìyẹn wà, pẹ̀lú ìwọ̀n tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Ewé tó lè bá ilé ọmọ sọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun tí aboyún ń fún mu nílé.

Wọ́n ní ó ń fọ́ òkúta inú kíndìnrín. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Íńdíà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Àwọn náà ń pè é ní patharchatta, orúkọ tó ní òkúta nínú, wọ́n sì ń lò ó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ìlò Yorùbá àtijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fídíò tó ń sọ ọ́ ní Yorùbá ti pọ̀. Ẹni tí kíndìnrín ń dùn, kó lọ ya àwòrán inú rẹ̀ kó tó mu ewékéwé. Òkúta tó dí ọ̀nà ìtọ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́ pátápátá nígbà tí ẹni náà ṣì ń retí kí ewé ṣiṣẹ́.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀ nínú àwúre?

Nínú ìṣègùn Yorùbá, orúkọ ewé ni iṣẹ́ ewé. Tẹ̀tẹ̀ wà nínú oògùn iyì, nítorí tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Ẹ gbọ́ bí tẹ̀tẹ̀ àti tẹ́ ṣe jọ ń ró. Àbámodá wà níbi tí èèyàn bá ti ní ohun kan pàtó tó fẹ́ kó ṣẹ. Ọfọ̀ rẹ̀ máa ń ní ẹsẹ̀ mẹ́ta: a ó pe ewé lórúkọ, a ó sọ ohun tí a mọ̀ mọ́ ọn, a ó wá fi tiwa so mọ́ ọn. Bó ṣe máa ń lọ nìyí: "Àbámodá, àbá tí ìwọ bá dá ni í ṣẹ, àbá tí èmi lágbájá ọmọ lámọ̀rín dá lónìí, kó ṣẹ."

Ọṣẹ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe. Wọ́n á gún ewé tútù nínú odó, wọ́n á po ọṣẹ dúdú tó tó ìkúùkù mọ́ ọn, wọ́n á kó o sínú igbá tó ní ìdérí, wọ́n á máa fi wẹ̀ ní ìdájí. Ohun tó máa ń bàjẹ́ níbẹ̀ ni pé omi ewé pọ̀, ọṣẹ á wá ṣàn bí ògì. Ẹ jẹ́ kí ewé náà rọ fún ọjọ́ kan kí ẹ tó gún un, ẹ má sì lo ẹ̀rọ ìlọta pẹ̀lú omi, nítorí ọṣẹ olómi á tètè rùn.

Mo rí ọfọ̀ rẹ̀ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣé mo lè kàn máa pè é?

Ẹ kọ́kọ́ wo àmì ohùn rẹ̀. Ọfọ̀ tí wọ́n kọ láìsí àmì, ẹnu tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè tún un ṣe. "Dá" tó bá di "dà" ti kúrò ní àbá dídá, ó ti di ìdàlẹ̀ tàbí omi dídà. Ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá orúkọ ewé mu. Bí wọ́n bá ka ewé márùn-ún sílẹ̀ tí ọfọ̀ kò sì dárúkọ ju ọ̀kan lọ, ẹnì kan ti fa á ya.

Ohun tó bá sì ti ní jíjẹ tàbí mímu nínú, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ babaláwo tàbí oníṣègùn tó mọ ewé náà lójú, kì í ṣe lórúkọ nìkan.

Ṣé òun náà ni wọ́n ń lò ní Brazil àti Cuba?

Òun ni, ṣùgbọ́n orúkọ ti wọ ara wọn. Ní Brazil, àwọn ọlọ́rìṣà ẹ̀sìn Candomblé mọ àbámodá ní folha-da-fortuna, wọ́n sì mọ saião, tí wọ́n tún ń pè ní folha-da-costa, gẹ́gẹ́ bí ọ̀dúndún. Saião yìí jẹ́ ìbátan ọ̀dúndún tiwa, ó sì ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ̀ fún Ọbàtálá lọ́hùn-ún. Ní Cuba, prodigiosa àti siempreviva ni àwọn aráàlú ń pe àbámodá, àwọn Lukumí (àwọn ọlọ́rìṣà Cuba tí ìsìn wọn ti ọ̀dọ̀ Yorùbá wá) sì ń pe orúkọ ọ̀dúndún mọ́ ọn: ewé dúndún.

Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ yín láti Havana bá ní ewé dúndún, ẹ ní kó fi àwòrán ránṣẹ́. Ohun tí kò yí padà ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni pé a kì í lo ewé láìkọrin sí i. Ọ̀sanyìn ló ni ín, wọ́n sì mọ̀ lọ́hùn-ún bí a ti mọ̀ níhìn-ín pé kò sí ewé, kò sí òrìṣà.

London tàbí Houston ni mo wà. Èyí tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ òdòdó, ṣé òun ni?

Lọ́pọ̀ ìgbà, òun kọ́, àṣìṣe ibẹ̀ sì léwu. Wọ́n ń ta Kalanchoe daigremontiana àti Kalanchoe delagoensis, àwọn ìbátan rẹ̀ tí májèlé wọn le. Ti àkọ́kọ́ ní ewé gígùn ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó ní àbàwọ́n àlùkò lẹ́yìn. Ti èkejì ní ewé roboto bí igi ìṣáná, ọmọ rẹ̀ sì wà ní ṣóńṣó orí. Ẹ fi èyí dá wọn mọ̀: àwọn méjèèjì yìí a máa bímọ nígbà tí ewé ṣì wà lórí igi. Àbámodá gidi kì í sábà bímọ àfi tí ewé rẹ̀ bá já tàbí tó bọ́ sílẹ̀. Kalanchoe olódòdó wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì náà kì í ṣe òun.

Ẹ má fi ewé tútù pamọ́ sínú àpótí láti Nàìjíríà. Bí kò bá ní ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò ewéko, wọ́n lè gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú. Ní Florida, ó ti di èpò tó ń gba ilẹ̀ mọ́ ewéko onílé lọ́wọ́, nítorí náà inú ìkòkò ni kó máa gbé, ẹ má sì da ewé tó bọ́ sí ẹ̀yìn ọgbà. Ní London, ẹ gbé e sí ojú fèrèsé tó kọjú sí gúúsù. Bí òtútù bá ti ń lọ sí ìsàlẹ̀ ìwọ̀n 10 Celsius, ẹ fà á sẹ́yìn kúrò lára gíláàsì lálẹ́, kí ẹ sì dín omi rẹ̀ kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta títí oṣù kẹta ọdún.